Ìsọdọ̀tun kọ̀ǹpútà alágbèéká

Ìsọdọ̀tun kọ̀ǹpútà alágbèéká ni iṣẹ́ pípààrọ̀ àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó ti pẹ́, tàbí fífi ẹ̀yà kún un, kí ó lè yára ju bí ó ti wà lọ, kí ó sì wúlò fún ọdún díẹ̀ sí i. Àwọn ẹ̀yà tí a sábà máa ń pààrọ̀ ni ibi ìpamọ́, ìrántí RAM, bátìrì, fáànù àti káàdì Wi-Fi. Ìsọdọ̀tun yàtọ̀ sí àtúnṣe: àtúnṣe ń dá ẹ̀rọ tí ó bàjẹ́ padà sí ipò rẹ̀ àtijọ́, ìsọdọ̀tun sì ń gbé ẹ̀rọ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ kọjá ipò tí ó wà nígbà tí a rà á.

Kì í ṣe gbogbo kọ̀ǹpútà ni a lè sọ dọ̀tun, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀yà tuntun ni ó ń mú kí kọ̀ǹpútà yára. Ohun tí ó ń pinnu àṣeyọrí iṣẹ́ náà ni mímọ ẹ̀yà tí ó ń fa ìlọ́ra kí a tó náwó. Ẹni tí ó ra RAM fún kọ̀ǹpútà tí ó jẹ́ pé háàdì dísìkì ni ó ń dá a dúró yóò náwó, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí yóò rí kò ní tó nǹkan.

Ohun tí ń fa ìlọ́ra

Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó ń pín iṣẹ́ ṣe nínú kọ̀ǹpútà. Pùrósẹ́sọ̀ ni ó ń ṣe ìṣirò. RAM ni ó ń gbé iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́. Ibi ìpamọ́, ìyẹn háàdì dísìkì tàbí SSD, ni ó ń tọ́jú gbogbo fáìlì, yálà iná wà tàbí kò sí. A lè fi wọ́n wé ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Pùrósẹ́sọ̀ ni aránṣọ fúnra rẹ̀, RAM ni tábìlì tí ó tẹ́ aṣọ sí, ibi ìpamọ́ sì ni àpótí tí àwọn aṣọ yòókù wà. Bí tábìlì bá kéré, aránṣọ yóò máa kó aṣọ lọ sínú àpótí, yóò sì tún máa kó o jáde. Bí àpótí náà bá tún ṣòro láti ṣí, iṣẹ́ yóò máa dúró, bí ó ti wù kí ọwọ́ aránṣọ yá tó.

Ọjọ́ orí nìkan kì í mú kí pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí a ń gbé fún kọ̀ǹpútà ń wúwo sí i lọ́dọọdún: ètò ìdarí ń tóbi sí i, ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì kan lè gba àyè RAM tí odindi ètò kan ń gbà ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Bákan náà ni háàdì dísìkì ń kún, tí eruku ń dí ọ̀nà afẹ́fẹ́, tí bátìrì sì ń gbó.

Àyẹ̀wò kí a tó ra ẹ̀yà

Nínú Windows, ètò tí a ń pè ní Task Manager ni a fi ń wo bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́. Títẹ bọ́tìnnì Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ ni ó ń ṣí i. Àyẹ̀wò náà ń já sí òótọ́ jù lọ bí a bá ṣe é nígbà tí kọ̀ǹpútà ń lọ́ra gan-an. Àwọn àmì tí ó wọ́pọ̀ nìyí:

• Bí Disk bá wà ní 100% tàbí nítòsí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú púpọ̀, tí RAM sì ṣì ní àyè, háàdì dísìkì ni ó ń fa ìlọ́ra.

• Bí Memory bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, tí Disk náà kò sì sinmi, RAM ni ó kéré. Kọ̀ǹpútà ti ń fi ibi ìpamọ́ ṣe àfikún RAM, ibi ìpamọ́ kò sì yára tó bẹ́ẹ̀.

• Bí CPU nìkan bá wà ní 100%, ó lè jẹ́ pé ètò kan tàbí kòkòrò kọ̀ǹpútà ni ó ń jẹ ẹ́ run. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, pùrósẹ́sọ̀ ni ó kéré sí iṣẹ́ náà.

• Bí kọ̀ǹpútà bá ń yára nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, tí ó wá ń lọ́ra lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ gbóná tí fáànù sì ń ké, ooru ni ìṣòro rẹ̀.

• Bí ó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ó ti ń lọ́ra, ó yẹ kí a kọ́kọ́ fi fóònù dán íntánẹ́ẹ̀tì náà wò kí a tó dá kọ̀ǹpútà lẹ́bi.

Lẹ́yìn èyí ni a ó wá nọ́ńbà irú kọ̀ǹpútà náà, tí a sábà máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Lenovo, Dell àti HP ń gbé ìwé ìtọ́sọ́nà àtúnṣe fún ọ̀pọ̀ irú kọ̀ǹpútà wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ìwé náà ni a ti ń mọ irú RAM tí ó ń gbà, iye tí ó lè gbé, irú ibi ìpamọ́ tí ó bá a mu àti bí a ṣe ń tú u.

Ibi ìpamọ́: láti háàdì dísìkì sí SSD

Háàdì dísìkì jẹ́ ẹ̀rọ tí ń yí. Àwo tí a fi èròjà òòfà bò wà nínú rẹ̀, apá kékeré kan sì ń lọ síwájú sẹ́yìn lórí àwo náà láti ka ohun tí ó wà níbẹ̀ tàbí láti kọ òmíràn sí i. Ilé-iṣẹ́ IBM ni ó kọ́kọ́ gbé irú ìpamọ́ yìí sọ́jà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà IBM 305 RAMAC ní 1956. Èyí tí ó wọ́pọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 90 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, nǹkan bí 5.6 nínú rẹ̀ ni ó ń lọ, ní ìpíndọ́gba, kí ibi tí a ń wá tó yí dé abẹ́ apá náà, láìka àkókò tí apá fúnra rẹ̀ fi ń rìn. Nítorí náà, bí fáìlì kéékèèké bá fọ́n káàkiri orí àwo, nǹkan bí ọgọ́rùn-ún péré ni háàdì dísìkì lè wá rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí a bá sì ń tan kọ̀ǹpútà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké bẹ́ẹ̀ ni ètò ìdarí ń béèrè fún.

SSD kò ní ohun kankan tí ń yí. Inú ìrántí flash irú NAND ni ó ń tọ́jú ìsọfúnni sí, èyí tí Fujio Masuoka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ Toshiba ní Jàpáànù gbé jáde ní 1987. Nítorí pé kò sí àwo tí a ń dúró dè, SSD lè wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké rí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyí tí ìpààrọ̀ háàdì dísìkì sí SSD fi jẹ́ ìsọdọ̀tun tí ó ń hàn jù lọ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́: ẹ̀rọ tí ó ń gba ìṣẹ́jú púpọ̀ kí ó tó tàn tán lè máa tàn láàárín ìṣẹ́jú kan. SSD kì í pariwo, kì í sì í tètè bàjẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá já bọ́ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́.

Oríṣi SSD mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni SSD íǹṣì 2.5, tí ó rí bíi háàdì dísìkì alágbèéká tí ó sì ń wọ àyè rẹ̀ gan-an. Okùn SATA ni ó ń lò, ó sì lè ka nǹkan bí mẹ́gábáìtì 550 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìkejì ni mSATA, káàdì kékeré tí a ń rí nínú àwọn kan lára kọ̀ǹpútà ọdún 2010 sí 2014. Ìkẹta ni M.2, tí ó gùn bí igi ṣingọ́ọ̀mù. M.2 kan ń lo ọ̀nà SATA, òmíràn sì ń lo NVMe, tí ó lè ka mẹ́gábáìtì 3,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Méjèèjì jọra lójú, ṣùgbọ́n ihò tí a ṣe fún SATA nìkan kò ní dá NVMe mọ̀. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń ra ẹ̀yà láìwo ìwé ìtọ́sọ́nà. Ó tún yẹ kí a wo bí SSD íǹṣì 2.5 ṣe nípọn tó, nítorí àyè tí a ṣe fún mìlímítà 7 kò ní gba èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 9.5.

Ìrántí RAM

Gígábáìtì ni a fi ń wọn RAM, a sì ń kọ ọ́ ní GB. Kọ̀ǹpútà tí ó ní 4 GB lè kọ lẹ́tà, kí ó sì ṣí ojúewé íntánẹ́ẹ̀tì díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ tí yóò fi kún. 8 GB tó fún iṣẹ́ ilé-ìwé àti ọ́fíìsì lápapọ̀. Àwọn tí ń ṣe àtúntò fọ́tò tàbí fídíò ń fẹ́ 16 GB. Lẹ́yìn tí RAM bá ti tó iṣẹ́ tí à ń ṣe, fífi òmíràn kún un kò ní mú kí kọ̀ǹpútà yára sí i. Tábìlì aránṣọ tí ó ti gba gbogbo aṣọ tí ó ń rán kò nílò kí a tún fẹ̀ ẹ́.

RAM tí ó ṣe é yọ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká ni a ń pè ní SO-DIMM. Ìran kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ìdè àti agbára iná tirẹ̀, ọ̀kan kò sì lè wọ ihò èkejì:

• DDR3 ní ẹsẹ̀ 204, ó sì ń lo fóòtì 1.5. DDR3L ní iye ẹsẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n fóòtì 1.35 ni ó ń lò.

• DDR4 ní ẹsẹ̀ 260, ó sì ń lo fóòtì 1.2.

• DDR5 ní ẹsẹ̀ 262, ó sì ń lo fóòtì 1.1.

Kọ̀ǹpútà tí ó béèrè DDR3L lè kọ̀ láti tàn bí a bá fi DDR3 lásán sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò wọ ihò náà. Bí ihò bá jẹ́ méjì, RAM méjì tí ó dọ́gba sàn ju ẹyọ kan tí ó tóbi lọ, nítorí kọ̀ǹpútà ń lè ka méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé Windows oní-bíìtì 32 tí a ń lò nílé kì í lo ju 4 GB lọ, bí ó ti wù kí RAM inú rẹ̀ pọ̀ tó. Ó di dandan kí a gbé oní-bíìtì 64 sí i.

Ooru, fáànù àti bátìrì

Pùrósẹ́sọ̀ tí ó bá gbóná dé ìtòsí 100 °C yóò dín iyára ara rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Nítorí náà, eruku nìkan tó láti sọ kọ̀ǹpútà di onílọ̀ọ́ra. Ìtọ́jú rẹ̀ ni gbígbọn eruku kúrò lára fáànù àti ihò afẹ́fẹ́, àti pípààrọ̀ ìpara tí ń gbé ooru láti ara pùrósẹ́sọ̀ lọ sára irin tí ń tú u, nítorí ìpara náà máa ń gbẹ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Iṣẹ́ yìí ni owó rẹ̀ kéré jù nínú gbogbo ìsọdọ̀tun. Lílo kọ̀ǹpútà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí tìmùtìmù ń dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó sì ń dá ìṣòro kan náà sílẹ̀.

Bátìrì lítíọ́ọ̀mù ń pàdánù agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yálà a ń lò ó tàbí a kò lò ó, ooru sì ń mú kí ó yára gbó. Nínú Windows, àṣẹ powercfg /batteryreport ń fi iye agbára tí bátìrì ní nígbà tí ó jẹ́ tuntun hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí ó lè gbà báyìí. Bátìrì tí ó bá wú gbọ́dọ̀ kúrò nínú kọ̀ǹpútà kíákíá; a kò gbọ́dọ̀ gún un, a kò sì gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí ó lè gbiná. Níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe ségesège, bátìrì tí ó dára ń dáàbò bo fáìlì pẹ̀lú, nítorí kọ̀ǹpútà tí ó kú lójijì nígbà tí ó ń kọ nǹkan sí ibi ìpamọ́ lè ba fáìlì náà jẹ́.

Ohun tí a kò lè pààrọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká òde òní, pùrósẹ́sọ̀ ti lẹ̀ mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù pẹ̀lú òjé, kò sì ṣe é pààrọ̀ nílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni RAM inú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó fẹ́lẹ́. MacBook Air tí ilé-iṣẹ́ Apple gbé jáde ní 2008 ní RAM tí a fi òjé lẹ̀. MacBook Pro onírètínà ti 2012 tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ra irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ti yan iye RAM rẹ̀ títí ayé ẹ̀rọ náà ní ọjọ́ tí ó rà á.

Àwọn kan ti ń wá ọ̀nà mìíràn. Ní 2021, ilé-iṣẹ́ Framework ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ta kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹni tí ó rà á lè tú fúnra rẹ̀, títí kan mọ́dábọ́ọ̀dù. Ní ọdún kan náà, ìjọba Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí a máa kọ máàkì tí ó ń sọ bí ẹ̀rọ ṣe rọrùn láti tún ṣe tó sára ọjà, kọ̀ǹpútà alágbèéká sì wà lára wọn. Ní oṣù Kejìlá 2023, àjọ JEDEC tẹ ìlànà CAMM2 jáde, RAM pẹlẹbẹ tí ó ṣe é yọ, tí a ṣe kí ó lè bá kọ̀ǹpútà fẹ́lẹ́ mu.

Àpẹẹrẹ: ThinkPad T430

Lenovo ThinkPad T430, tí ó jáde ní 2012, jẹ́ àpẹẹrẹ kọ̀ǹpútà tí a ṣe kí ó lè ṣe é tú. Bátìrì rẹ̀ ń yọ láìlo irinṣẹ́ kankan. Háàdì dísìkì rẹ̀ wà lábẹ́ ìdérí kékeré. Ó ní ihò RAM méjì fún DDR3, tí àpapọ̀ wọn lè gbé 16 GB. A lè yọ ẹ̀rọ DVD rẹ̀, kí a sì fi ibi ìpamọ́ kejì sí àyè rẹ̀. Pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ pàápàá wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kò lẹ̀ mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù.

Síbẹ̀, ó ní ààlà tirẹ̀. Ètò BIOS inú rẹ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn káàdì Wi-Fi tí ó fọwọ́ sí, èyí tí kò bá sí nínú àkọsílẹ̀ náà kò ní ṣiṣẹ́. Pùrósẹ́sọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìran kẹta Intel Core, Microsoft kò sì fọwọ́ sí i fún Windows 11. Kọ̀ǹpútà yìí pẹ̀lú SSD àti RAM 8 GB lè ṣe iṣẹ́ kíkà, kíkọ àti ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ìsọdọ̀tun kò lè sọ ọ́ di ẹ̀rọ fún géèmù tuntun.

Ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ètò ìdarí

Ẹ̀yà tuntun nìkan kò tó bí ètò ìdarí kò bá ní ààbò mọ́. Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11, tí ó jáde ní 2021, ń béèrè 4 GB RAM, 64 GB ibi ìpamọ́, ẹ̀yà ààbò TPM 2.0 àti pùrósẹ́sọ̀ tí ó wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft. Láàárín àwọn Intel Core, ìran kẹjọ ni àkọsílẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbogbòò. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà tí SSD ti sọ di ayára lè má ní ẹ̀tọ́ sí Windows tuntun. Ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni Linux, pàápàá àwọn ẹ̀ka rẹ̀ bíi Linux Mint àti Xubuntu, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n sì ń gba àtúnṣe ààbò.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Ohun àkọ́kọ́ ni ṣíṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì pàtàkì sí ibi mìíràn. SSD tí ó bàjẹ́ ṣe é rà padà, ṣùgbọ́n àròkọ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí fọ́tò ẹbí tí ó sọnù kò ṣe é rà. Bí háàdì dísìkì bá ti ń ké gógó tàbí tí fáìlì bá ń kọ̀ láti ṣí, ẹ̀dà ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe kí a tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni a lè yan ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì: dída gbogbo ohun tí ó wà nínú háàdì dísìkì kọ sórí SSD bí ó ti wà, tàbí gbígbé ètò ìdarí tuntun sórí SSD kí a sì dá fáìlì nìkan padà. Ọ̀nà kejì ń pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kó ẹrù àtijọ́ wọnú ilé tuntun.

Kí a tó tú kọ̀ǹpútà, a ó pa á, a ó yọ ṣájà, a ó sì yọ bátìrì tàbí kí a já okùn rẹ̀. A ó fọwọ́ kan irin tí kò ní kùn lára kí iná tí ó bá gbá jọ sára ènìyàn má baà ba RAM jẹ́. Síkúrù kì í gùn dọ́gba. Èyí tí ó gùn tí a bá fi sí àyè èyí tí ó kúrú lè lu mọ́dábọ́ọ̀dù. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń to síkúrù sórí bébà ní bí wọ́n ṣe yọ wọ́n. Lẹ́yìn ìpààrọ̀ RAM, ètò MemTest86 ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjà àlòkù ní Nàìjíríà

Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò jẹ́ tòkunbọ̀, ìyẹn èyí tí a ti lò lókè òkun kí ó tó wọlé. Computer Village ní Ìkẹjà, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni ọjà tí ó lókìkí jù lọ fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ àti fún ẹ̀yà rẹ̀. Níwọ̀n bí àlòkù kì í ti í ní ìdánilójú pípẹ́, ó yẹ kí olùrà tan ẹ̀rọ náà, kí ó sì wo iye RAM, irú ibi ìpamọ́ àti ipò bátìrì fúnra rẹ̀ kí ó tó sanwó. Ayédèrú SSD àti flash wà káàkiri àgbáyé, tí a kọ iye ńlá sí lára, tí inú wọn kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ètò H2testw nínú Windows àti F3 nínú Linux ń fi iye tòótọ́ hàn nípa kíkọ nǹkan kún un títí dé òpin, kí wọ́n sì tún kà á padà.

Háàdì dísìkì tí a yọ náà nílò ìṣọ́ra. Pípa fáìlì rẹ́ lásán kì í mú un kúrò lórí àwo. Ẹni tí ó bá ra dísìkì náà lè rí ìwé ilé-ìfowópamọ́, ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí fọ́tò ẹni tí ó ni ín tẹ́lẹ̀. Ó yẹ kí a kọ nǹkan mìíràn bo gbogbo orí rẹ̀, kí a sọ ọ́ di ìpamọ́ ìta fún ẹ̀dà fáìlì, tàbí kí a fọ́ ọ.

Ìsọdọ̀tun àti pàǹtírí ẹ̀rọ

Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn Global E-waste Monitor ti 2024 ti sọ, àgbáyé pèsè mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 62 pàǹtírí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní 2022, 22.3% péré nínú rẹ̀ ni a sì ní àkọsílẹ̀ pé a kó jọ tí a sì sọ di èlò padà bí ó ti yẹ. Òjé wà nínú pàǹtírí yìí, mẹ́kúrì sì wà nínú iná ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà àtijọ́ púpọ̀. Méjèèjì léwu fún ilẹ̀, omi àti ara ènìyàn, pàápàá níbi tí a bá ti ń dáná sun wáyà láti rí kọ́pà. Nàìjíríà gbé òfin lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ jáde ní 2011, àjọ NESREA ni ó sì ń mú un ṣẹ.

Gbogbo ọdún tí kọ̀ǹpútà kan bá fi kún ọjọ́ ayé rẹ̀ ń dá ríra òmíràn dúró, ó sì ń dín pàǹtírí kù. Ṣùgbọ́n bí mọ́dábọ́ọ̀dù bá ti bàjẹ́, tí ojú kọ̀ǹpútà ti fọ́, tàbí tí iye owó ẹ̀yà bá ti sún mọ́ iye tí a fi lè ra àlòkù tí ó sàn jù ú lọ, ìsọdọ̀tun kò lérè mọ́. Nígbà náà, RAM, SSD àti ṣájà tí ó ṣì dára ni a ń yọ fún ẹ̀rọ mìíràn, ìyókù ni a sì ń kó fún àwọn tí ó ní àṣẹ láti tú pàǹtírí ẹ̀rọ palẹ̀.